À Ń Wò Yín, Sà

Kí n tó sọ ìtàn ọ̀gá yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i, nítorí ẹni tí kò bá kí i kì í ríbi wọlé. Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ géérégé, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà á tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìtẹríba, á dá a. Àwọn yòókù á gbè é.

"Ẹ kú ọgbọ́n, sà!"

"Ẹ kú ọgbọ́n, sà!"

"Ẹ kú ìrònú àná, sà!"

"Ẹ kú ìrònú, sà!"

"Ẹ kú mímí, sà!"

Èyí tó kẹ́yìn yìí, ọjọ́ tí òtútù mú ọ̀gá tí imú rẹ̀ dí ni wọ́n fi kún un. Imú là, ìkíni náà kò lọ. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n má baà ní kò fẹ́ kí ọ̀gá máa mí?

Oyè rẹ̀ ni Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ìlera, Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ àti Ìmọ́tótó Àyíká. Bí ó bá ti kọjá, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é: Gẹ́gẹ́-bí-mo-ti-sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín àmọ́ tí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, bi í lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo èrò:

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìgbà wo lẹ ti sọ ọ́?"

Olùdarí na ọrùn. "Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ, n kò tíì sọ ọ́."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Ní ẹ̀yìn ilé ìwòsàn náà ni òkè kan wà. Lórí òkè náà ni àwọn afọ́kùúta ń gbé, tí wọ́n ń fọ́ òkúta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí eruku ti sọ irun ọmọdé wọn di ewú. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè wọn àfi ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé. Èérún òkúta á fò, á ba wọn lójúgun, ojúgun á di egbò. Egbò yìí kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Oògùn ìpara pupa kan wà fún un. Bí wọ́n bá tètè fi sí i, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti jinná. Kọ́bọ́ọ̀dù odidi kan kún fún oògùn náà ní ilé ìwòsàn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Olùdarí bí ẹ̀gbà.

Àmọ́ Olùdarí fẹ́ kọ ìwé. Ó ti gbọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá kan wà káàkiri ayé tí ìwé ti sọ di ẹni iyì. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro: wọ́n wá àwọn ènìyàn tí kò lẹ́nìkan, wọ́n jókòó ti àìsàn wọn, wọ́n ń kọ ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀, wọn kò sì wí fún wọn. Ẹ má rò pé mo ń fi eré sọ ọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn tó ṣe é sì wọ aṣọ funfun. Olùdarí wa kò tilẹ̀ rí nǹkan tuntun dá sílẹ̀. Ìwà ìkà àlòkù ló rà wọ̀.

Ó pe ìpàdé.

"Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ, a ó kọ ìwé kan tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí. *Ìrìn-àjò Egbò: Láti Ọrùn Ẹsẹ̀ Dé Orúnkún.* A ó kó ẹni mẹ́wàá jọ. A kò ní fi ohunkóhun sí egbò wọn."

Nọ́ọ̀sì Àgbà ní, "Sà, oògùn rẹ̀ ṣáà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ìṣòro wa gan-an nìyẹn! Bí a bá fi oògùn sí i, egbò á jinná. Bí egbò bá jinná, kí la ó wá kọ?"

"Ìwé á kúrú, sà," ni Akọ̀wé wí, ìbànújẹ́ sì hàn lójú rẹ̀.

"Ìwé kúkúrú, ọ̀gá kúkúrú!"

"Kí la ó wá wí fún àwọn ènìyàn náà?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òtítọ́ ni. Ṣé ẹ rò pé èmi lè purọ́? A ó wí fún wọn pé à ń wò wọ́n."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Bí ìyá kan bá ní, "Dókítà ń wo ọmọ mi," ṣé ó túmọ̀ sí pé dókítà ká ọwọ́ gbera, ó ń wo ọmọ náà bí ẹni tó ń wo òjò láti ojú fèrèsé? Àbí nígbà tí a kọ ọ́ sára ògiri pé ilé ìwòsàn, ṣé ilé tí a ti ń wòran la ní lọ́kàn? Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: *Mo gbà kí wọ́n máa wò mí.* Afọ́kùúta mẹ́wàá tẹ ìka wọn sí i, wọ́n sì dúpẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ̀ka ni bàbá arúgbó kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìwòsàn náà. Alágbàfọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló di bàbá rẹ̀ mú wọlé.

"Ṣé ẹ ó wò wọ́n dáadáa fún mi, sà?"

"Ìyá mi, a ó wò wọ́n tọ̀sán-tòru. Ojú wa kò ní kúrò lára wọn."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á máa wo ẹ̀yin náà."

"Àmín!" ni Olùdarí ké. Kò mọ ohun tí ó ń ṣe àmín sí.

Ó wá ṣe òfin fún wọ́ọ̀dù náà. Èyí tó fẹ́ràn jù ni Òfin Kẹrin, tí ó pè sétí Akọ̀wé bí ẹni tó ń kéwì: "Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù, ẹ kò gbọdọ̀ fi oògùn kàn án títí ìwé yóò fi parí. Bí ó bá bẹ̀ yín, ẹ kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sunkún, ẹ kọ aago tó sunkún. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ èmi fúnra mi ni mo pàṣẹ pé kí ẹ fún un, ẹ má dá mi lóhùn, nítorí mo mọ ara mi. Ojú àánú mi ti pọ̀ jù."

Akọ̀wé nu omijé. "Àánú yín á pa yín lọ́jọ́ kan, sà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àràárọ̀, Akọ̀wé á mú rúlà, á lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, á wọn egbò, á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní omi ṣúgà tí wọ́n pa láró aláwọ̀ ewé. Bí Alágbàfọ̀ bá béèrè oògùn gidi, Akọ̀wé á ní, "Kò tíì dé, ìyá. Ó wà lójú ọ̀nà."

"Láti ibo ló ti ń bọ̀ tó fi pẹ́ tó báyìí? Ṣé ẹsẹ̀ ló ń fi rìn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà légbò ni?"

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún un. Aṣọ kì í mọ irọ́ pa. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àbààwọ́n tó wà lára aṣọ bàbá rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ní oṣù kejì, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò pẹ̀lú ọṣẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbé aṣọ náà lọ bá Nọ́ọ̀sì Àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi ń wo bàbá mi?"

Nọ́ọ̀sì wo bàtà ara rẹ̀. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó lọ́mọ nílé ẹ̀kọ́, ó sì ń bẹ̀rù ọ̀gá. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín.

"Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ló kàn sọ, "wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Òun ni orí tó kẹ́yìn ìwé."

Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ lórí korobá. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.

Ibí yìí ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mínísítà kọ̀wé pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Ẹtì yẹn, pẹ̀lú àwọn oníròyìn, láti fún Olùdarí ní àmì ẹ̀yẹ àti láti fojú ara òun rí aláìsàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé náà pàápàá. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, aláìsàn mẹ́sàn-án péré ló kù. Aláìsàn kẹwàá ti rí rúlà, ó ti rí ayùn tí wọ́n ń pọ́n, ó sì ti fi ẹsẹ̀ elégbò yẹn sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Akọ̀wé ní eré náà wú òun lórí tó bẹ́ẹ̀ tí òun fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Olùdarí wà nínú ìrora mìíràn. Ó ti ra bàtà tuntun fún ọjọ́ àmì ẹ̀yẹ, èyí tó fi ìwọ̀n méjì kéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ó gbà pé ẹsẹ̀ ńlá kò yẹ èèyàn ńlá. Bàtà náà ti bó gìgísẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ti di egbò tó wú rọ̀bọ̀tọ̀.

Akọ̀wé wo gìgísẹ̀ náà. Ojú rẹ̀ tàn.

"Sà! Aláìsàn kẹwàá!"

"Níbo?"

"Ẹ̀yin ni, sà! Ẹ wo egbò! Ẹ wo bó ṣe rí roboto! Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìwé, ẹ̀yin náà ni ẹ ó wà nínú ìwé!"

Olùdarí ronú bí ó ṣe máa rí nínú fọ́tò. "Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ, olórí ló ń ṣíwájú!"

Ó tẹ̀ka. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kẹwàá tòun ti fìlà. Aláìsàn kì í fi nǹkan sí ọrùn, nítorí náà Akọ̀wé bọ́ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sápò ara rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ ti wú dé kókósẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì! Wá wò mí!"

"Mo ti ń wò yín láti àárọ̀, sà."

"N kò ní kí o fi ojú wò mí!"

"Kí ni kí n fi wò yín, sà? Irúfẹ́ wíwò kan ṣoṣo ló wà ní wọ́ọ̀dù yìí."

Ó yíjú sí Akọ̀wé. "Ìwọ! Ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn! Mú oògùn wá!"

Akọ̀wé fẹ̀rín sẹ́nu. "Á à, sà! Ẹ̀ ń dán mi wò!"

"N kò dán ọ wò!"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ní ẹ ó ṣe. Òfin Kẹrin: *bí ó tilẹ̀ jẹ́ èmi fúnra mi.* Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n! Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá màá rú òfin yín. Láéláé, sà!"

"Mo bẹ̀ ọ́!"

Akọ̀wé ṣí ìwé. "Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje. Aláìsàn kẹwàá bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dùn létí."

"Ọ̀dàlẹ̀!"

"Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó bú mi. Èébú náà kún fún ìmọ̀."

Ní Ọjọ́rú, ó gbé rúlà wá. "Ó ti lé ní ìdajì ínṣì, sà! Nínú gbogbo egbò tó wà níbí, tiyín ló láàánú jù, tiyín ló lọ́lá jù. Àwọn yòókù kàn ń ṣe egbò lásán ni."

Láti bẹ́ẹ̀dì kìíní, bàbá arúgbó náà gbé orí sókè. "Ọ̀gá, ẹ mu omi aláwọ̀ ewé yẹn. Kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ ó dùn."

Ọjọ́bọ̀ pé. Mínísítà wọlé pẹ̀lú oníròyìn mẹ́fà àti onífọ́tò kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kí i kú ọgbọ́n, wọ́n kí i kú mímí, ó sì gbádùn rẹ̀. Alágbàfọ̀ wà lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì fífọ̀ lápá. Ó ti múra láti bẹ Mínísítà pé kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ bàbá òun lọ́la. Ó ti fi ẹ̀bẹ̀ náà kọ́ra nínú yàrá ìfọṣọ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Mínísítà gbé ìwé sókè. "Àwọn akíkanjú mẹ́wàá rèé, tí àrùn tí kò gbóògùn ń bá jà! Ayé kò tíì rí oògùn egbò yìí, Olùdarí wa sì ti fi ara rẹ̀ jìn..."

"Irọ́ ni!"

Gbogbo ojú yí sí bẹ́ẹ̀dì kẹwàá. Fìlà Olùdarí ti wọ́ sẹ́yìn. Òógùn bò ó.

"Ó gbóògùn! Oògùn rẹ̀ wà! Ó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn! Ẹ fi sí mi lẹ́sẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá péré, á jinná! Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wò mí!"

"À ń wò yín, sà," ni oníròyìn kan wí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Aṣọ bọ́ sílẹ̀ lápá Alágbàfọ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó kọ́ ti fò lọ.

"Ẹ tún un sọ."

Olùdarí la ẹnu. "Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ..."

Ẹ bá mi kí i! Ọjọ́ kan ṣoṣo ní ayé rẹ̀ tí ó ti sọ ọ́ ní tòótọ́ nìyẹn.

"Láti ìgbà wo ni oògùn náà ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti... pẹ́ díẹ̀."

"Ṣé kí bàbá mi tó wọlé?"

Akọ̀wé fẹ́ ràn ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yára tú ìwé. "Oṣù méjì gbáko ṣáájú ni, ìyá! A kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré níbí."

"Ẹ ní ẹ̀ ń wò wọ́n."

"À ń wò wọ́n ni!" ni Olùdarí ké. "Ó wà nínú fọ́ọ̀mù!"

"Ojú lẹ fi ń wò wọ́n!" ni Alágbàfọ̀ pariwo. "Bàbá mi ń jẹrà lójú yín, ẹ̀ ń fi rúlà wọ̀n ọ́n! Mo ń fọ aṣọ, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Ọpẹ́ mi dà? Ẹ dá ọpẹ́ mi padà!"

Mínísítà wo àwọn oníròyìn, ó wo kálámù wọn tó ń sáré. Ó ya ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà, ó rún un sápò.

"N kò mọ ọkùnrin yìí rí."

"Ẹ dì mọ́ ara yín nínú fọ́tò ọdún tó kọjá, sà," ni onífọ́tò wí. "Èmi ni mo yà á."

"Mò ń tì í sẹ́yìn nínú fọ́tò yẹn ni!" Ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. "Láti ìṣẹ́jú yìí lọ, ìwọ kì í ṣe Olùdarí mọ́!"

"Kí ni mo wá jẹ́?"

Nọ́ọ̀sì Àgbà wo káàdì tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Aláìsàn kẹwàá."

Akọ̀wé ti tẹríba síwájú Mínísítà. "Ẹ kú ọgbọ́n, sà!" Àmọ́ bí ó ṣe ń gbórí sókè, ọwọ́ kan ló bá níwájú rẹ̀, ọwọ́ Alágbàfọ̀ tí ọṣẹ ti bó títí. Akọ̀wé wo Mínísítà. Mínísítà wo oníròyìn. Akọ̀wé fi kọ́kọ́rọ́ lé ọwọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ oògùn pupa dé bẹ́ẹ̀dì kìíní.

"Ìyá, mo mọ̀. Mo sì dákẹ́."

"Mo ti mọ̀ pé ẹ mọ̀," ni Alágbàfọ̀ wí. "A ṣì máa sọ ọ́, èmi pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni ká kọ́kọ́ mójú tó."

Nọ́ọ̀sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé pẹ̀lú ti bàbá náà. "Bàbá, mo fẹ́ wò yín."

"Irú wíwò wo?"

"Oògùn rèé. Màá fọ egbò yín, màá fi èyí sí i, màá dì í. Á ta yín bí ata, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ì bá ti jinná lọ́jọ́ mẹ́wàá ká ní a tètè ṣe é. Ní báyìí, ó lè tó oṣù méjì, àpá rẹ̀ ò sì ní lọ. Mo rò pé ẹsẹ̀ náà ò ní lọ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ."

"Bí mo bá ní mi ò fẹ́ ńkọ́?"

"Màá gbé abọ́ mi kúrò. Bó bá di ọ̀la, màá tún bi yín."

Bàbá fọ́kùúta fún àádọ́ta ọdún, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun rí, àfi iye òkúta. Ó gbé ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó wo òrùlé. Wọ́ọ̀dù ń retí: Mínísítà wà lórí ìdúró, oníròyìn wà lórí ìdúró, Akọ̀wé wà lórí ìtẹríba.

"Nọ́ọ̀sì, èmi ńkọ́?" Láti bẹ́ẹ̀dì kẹwàá ni ohùn náà ti wá.

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí nọ́ńbà ṣe tò. Mo dúró de bàbá."

"Bàbá!" ni ẹni tó ti jẹ́ Olùdarí Àgbà Pátápátá ké. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ gbà! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ní ẹ gbà!"

Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra sọ ọ́ sí bàbá rẹ̀ létí: "Bàbá, ẹ̀ ń ṣe kí ni?"

Lábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, bàbá ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè tán, ó ti na ẹsẹ̀ náà sí Nọ́ọ̀sì. Ó kàn ṣẹ́jú sí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé bẹ́ẹ̀dì kẹwàá kedere. "Mo ṣì ń rò ó."